Kí ni Jésù kọ́kọ́ fún ẹlẹ́gbà yẹn?

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú wàhálà ìwé ìròyìn. Kápẹ́ńtà ni mí, iṣẹ́ òrùlé ni mò ń ṣe, ọmọ Ìkàrẹ́-Àkókó, mi ò kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn rí láyé mi, ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ èyí sórí fóònù bí mo ṣe ń sọ ọ́, torí náà tí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti gùn jù ẹ má bínú sí i, ẹnu tèmi ló gùn.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni lẹ́tà ọkùnrin kan tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹni tó ní ìyàwó òun ti wà lórí ìdùbúlẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, wọ́n ti gbé e dé orí òkè àdúrà mẹ́rin, wọ́n ti gbààwẹ̀, wọ́n ti fi òróró pa á lára, kò sí ìyàtọ̀, ó wá bèèrè pé ṣé Ọlọ́run ń ṣojúsàájú ni. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e ẹ gbé èsì mẹ́ta jáde. Ọ̀kan ní kó lọ yẹ ìgbàgbọ́ ara ẹ̀ wò. Ìkejì ní ọ̀tá ilé ni. Ìkẹta ló burú jù, òun fi nọ́ńbà wòlíì sílẹ̀.

Mo ka èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán, inú bí mi, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sẹ́ni tó rántí ẹlẹ́gbà Kápánáúmù ni, ẹni tí àwọn mẹ́rin gbé wá bá Jésù, tí wọ́n gba òrùlé sọ ọ́ kalẹ̀ torí èrò dí ẹnu ọ̀nà? Ìtàn yẹn wà nínú Máàkù orí kejì, Mátíù sọ ọ́, Lúùkù náà sọ ọ́, gbogbo wa la ti kọ́ ọ ní Sọ́ńdè Sùkúù, ṣùgbọ́n ibi tó bá dùn mọ́ wa la máa ń kà, a ó sáré dé ibi "dìde, gbé àkéte rẹ", a ó pariwo halelúyà, a ó jókòó.

Èmi tí mò ń gun òrùlé, òkè ni mo kọ́kọ́ máa ń wò nínú ìtàn yẹn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ torí àwọn pásítọ̀ kì í ṣàlàyé ẹ̀. Ilé àwọn èèyàn yẹn nígbà náà kì í ṣe páànù, kò dẹ̀ rí ṣóńṣó bíi tiwa, pẹrẹsẹ ló wà, wọ́n á to igi, wọ́n á kó ẹ̀ka igi àti esùsú lé e lórí, wọ́n á wá fi amọ̀ rẹ́ ẹ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kó le dáadáa, àtẹ̀gùn máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé níta téèyàn máa gbà gòkè. Torí náà gígun òkè kọ́ ni wàhálà àwọn mẹ́rin tó gbé ọkùnrin yẹn wá, lílu ihò ni wàhálà. Tí wọ́n bá ní kí èmi dá òrùlé amọ̀ lu débi tí ẹni tó dùbúlẹ̀ sórí àkéte á fi gbabẹ̀ kọjá, ọkọ́ àti àáké ni mà á bèèrè, mà á dẹ̀ sọ fún yín pé iyẹ̀pẹ̀ tó máa dà sórí àwọn tó wà nísàlẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ wo àwọn akọ̀wé òfin nínú aṣọ ńlá wọn tí amọ̀ ń já lù wọ́n lórí. Àti pé ta ló tún òrùlé yẹn ṣe? Bíbélì ò sọ. Èyí máa ń dà mí láàmú gan-an, torí onílé yẹn náà ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀ lẹ́nu.

Wọ́n wá sọ ọ́ kalẹ̀. Gbogbo ilé dákẹ́. Ẹsẹ̀ ló gbé e wá, ẹsẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń wò, àwọn mẹ́rin tó wà lókè tí òógùn ń bọ́ lára wọn, ẹsẹ̀ ni wọ́n torí ẹ̀ ba òrùlé olórùlé jẹ́. Ohun tó jáde lẹ́nu Jésù ni "Ọmọ, a dárí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ jì ọ́."

Ká sòótọ́ o, tó bá jẹ́ èmi ni mo wà lórí àkéte yẹn, mà á ti sọ nínú mi pé ẹ gbọ́ ná, ta ló bi yín léyìí?

Àwọn akọ̀wé òfin yẹn ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ju àwa lọ. Ẹ wò ó, Èlíjà jí ọmọ opó Sáréfátì dìde, Èlíṣà ní kí Náámánì lọ wẹ̀ nígbà méje nínú Jọ́dánì, ẹ̀tẹ̀ ẹ̀ lọ, kò sí Júù kankan tó ní àwọn wòlíì yẹn sọ̀rọ̀ òdì, ìwòsàn, Ọlọ́run lè fi rán èèyàn. Ṣùgbọ́n bí Jésù ṣe ní a dárí jì ọ́ báyìí, ara wọn gbóná, wọ́n ní ta ló lè dárí ẹ̀ṣẹ̀ jini bí kò ṣe Ọlọ́run nìkan. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n mọ̀ pé èyí tóbi ju ẹsẹ̀ lọ, ohun tí wọn ò mọ̀ ni Ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Jésù wá bi wọ́n pé èwo ló yá jù, kéèyàn ní a dárí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ jì ọ́ ni àbí kéèyàn ní dìde, máa rìn? Ẹnu lásán lèèyàn lè fi sọ ti àkọ́kọ́, ta ló fẹ́ wọnú ọkàn ọlọ́kàn lọ yẹ̀ ẹ́ wò? Ó wá ní kí ẹ lè mọ̀ pé Ọmọ ènìyàn ní àṣẹ ní ayé láti dárí ẹ̀ṣẹ̀ jini, ó kọjú sí ẹlẹ́gbà, ó ní dìde. Ṣé ẹ rí i? Ẹsẹ̀ tó nà yẹn, rìsíìtì ni. Ọjà tí wọ́n rà ti wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà kí ẹsẹ̀ ẹ̀ tó nà. Àwa wá mú rìsíìtì, a fi férémù sí i, a gbé e kọ́ sára ògiri, a fi ọjà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Ẹsẹ̀ yẹn náà padà gbó. Lásárù tí wọ́n jí ní Bẹ́tánì lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tún padà kú, kódà kó tó kú àwọn olórí àlùfáà ti ń gbèrò àtipa á, ẹ lọ wo Jòhánù orí kejìlá. Kò sí ẹnì kankan tí Jésù wò sàn tó ṣì wà láyé lónìí tó ń rìn kiri. Èyí tí wọ́n fi sọ́wọ́ ẹlẹ́gbà yẹn ṣáájú ẹsẹ̀ ló bá a lọ.

Ẹ wá wo ṣọ́ọ̀ṣì wa ní àkókò ìjẹ́rìí. Ẹni tí inú rírun ẹ̀ lọ á jó dé iwájú, ẹni tó rí físà gbà á jó, ẹni tí mọ́tò kọlù tí kò kú á jó, wọ́n á gbé máìkì fún un, ìlù á dáhùn. Mi ò ní kí wọ́n má jó o. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún ogójì tí mo ti ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò tíì rí ẹni tó gba máìkì tó ní ẹ bá mi yọ̀, ní Túsídeè tó kọjá Ọlọ́run dárí jì mí. Wọ́n á rò pé orí ẹ̀ ò pé ni.

Mò ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ tèmi. Ohun tó ṣòro láti sọ nìyí o, ọmọ mi tó ń tẹ̀ ẹ́ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ẹ má rò pé ìgbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ nìyí.

Lọ́dún 2011 mo gba iṣẹ́ òrùlé ilé oníyàrá mẹ́rin kan. Onílé san owó igi apá fún mi, igi tó le, tí kòkòrò kì í tètè rí jẹ. Mo ra apá díẹ̀ fún ibi tí ojú máa ń tó, mo fi àràbà dí ìyókù, ẹni tó bá mọ igi mọ ohun tí mò ń sọ, àràbà fúyẹ́ bí ẹní gbé òwú. Mo fi ọ́ìlì dúdú tí wọ́n dà nù lára mọ́tò kùn ún kó lè dúdú kí onílé má fura. Owó tó ṣẹ́kù mo fi san owó ilé ìwé, mi ò ní purọ́ pé mo fi mu ọtí, ṣùgbọ́n olè ni. Òjò wá dé, igi wà nínú òjò fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ká tó kan páànù. Mo ní ọmọ iṣẹ́ kan nígbà náà, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ọmọ tó gbọ́n, tó ń yára gun òkè bí ọ̀bọ. Mo ní kó gùn ún lọ gba páànù. Mo mọ̀ pé igi yẹn ò dára. Mo dúró nísàlẹ̀, mo nawọ́ páànù sí i, mo gbọ́ kàá, bí ìgbà téèyàn ṣẹ́ igi ìdáná, ọmọ náà ti wà lórí bùlọ́ọ̀kù nílẹ̀. Apá ọ̀tún ẹ̀ ló fi gbé ara ẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ yẹn ò nà tán mọ́ títí dòní.

Ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ fún gbogbo èèyàn? Mo ní fóònù ló ń tẹ̀ lórí igi. Ojú ẹsẹ̀ ni irọ́ yẹn jáde lẹ́nu mi, mi ò rò ó rárá. Mo yọ igi tó ṣẹ́ yẹn ní alẹ́ ọjọ́ náà mo sun ún. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìyá ọmọ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, opó ni, gààrí ló ń tà, ó kúnlẹ̀ sórí ìfáfá igi níwájú gbogbo ọmọ iṣẹ́, ó ní ọ̀gá ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé ọmọ mi fẹ́ ba iṣẹ́ yín jẹ́, ẹ má lé e, tí apá ẹ̀ bá ti san ẹ jẹ́ kó padà wá parí iṣẹ́. Mo ní kó dìde. Mo ní kò burú, mo ti dárí jì í.

Èmi ni mo sọ pé mo ti dárí jì í o.

Láti ìgbà yẹn, tí mo bá ń lọ sí ibi iṣẹ́ tó gba ọ̀nà ilé yẹn, mo máa ń yí gba ẹ̀yìn ọjà ni kí n má baà rí òrùlé náà. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi rin ìrìn yẹn. Mò ń kọrin nínú kúáyà, mò ń san ìdámẹ́wàá, wọ́n fi mí ṣe díákónì.

Ní 2017 èmi náà ṣubú. Egungun ìbàdí mi ló yẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, mi ò ní Ọlọ́run gbẹ̀san o, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yẹn sí mi lẹ́nu. Ilé ìṣọ́ Síloámù wó pa èèyàn méjìdínlógún, Jésù fúnra ẹ̀ ní wọn ò dẹ́ṣẹ̀ ju àwọn tó kù lọ. Wọ́n bi í nípa afọ́jú tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀ pé ta ló dẹ́ṣẹ̀, òun ni àbí àwọn òbí ẹ̀, ó ní kì í ṣe òun kì í ṣe wọn. Àkàbà ló yọ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Mo kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun, wọ́n fi ọparun dì í, wọ́n dì í síbi tí kò yẹ, nígbà tí mo fi máa dé ọsibítù dókítà ní ó ti pẹ́, ẹsẹ̀ òsì wá kúrú sí ọ̀tún, ọ̀pá ni mo fi ń rìn.

Ni àdúrà bá bẹ̀rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ Fúráìdè kan ní ìṣọ́ òru, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tí wọ́n pè wá bá wa, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ó na ọwọ́ sí mi láàárín èrò, ó ní bàbá tó ń fi ọ̀pá rìn, jáde. Ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi, ó jù ú sẹ́yìn pẹpẹ. Ó ní máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo gbé ẹsẹ̀ kan. Ariwo sọ. Mo gbé ìkejì, ìrora yẹn dé inú eyín mi, mo gbé ìkẹta, ìkẹrin, mi ò mọ̀ bóyá ìgbàgbọ́ ni àbí ojú tì mí láti dúró, ojú ń tì mí ni jàre, mo ṣubú lé àwọn aṣọ́lẹ̀kùn méjì lọ́wọ́, wọ́n ní agbára Ẹ̀mí ló gbé mi ṣubú. Ọ́fárìn ọjọ́ yẹn pọ̀. Ìyàwó mi ló padà lọ wá ọ̀pá mi lẹ́yìn pẹpẹ ní aago márùn-ún ìdájí, ọjọ́ méjì ni mi ò fi lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí wọ́n rí mi pẹ̀lú ọ̀pá ní Sọ́ńdè, wọ́n ní mo ti sọ ìwòsàn mi nù nípa àìgbàgbọ́. Ọkùnrin tó kọ̀wé sí yín nípa ìyàwó ẹ̀, mo mọ ohun tí ojú ẹ ń rí.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, àdúrà àárọ̀ nínú ilé, ìyàwó mi ló ń ka Bíbélì, ó kan Máàkù orí kejì. Mo wà lórí àga, mo na ẹsẹ̀. Bó ṣe kà á dé "Ọmọ", ó dúró díẹ̀ torí iná lọ, ó ń wá tọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn wá wà nínú òkùnkùn pẹ̀lú mi. Ọmọ. Kò pè é ní arọ, kò pè é ní ẹlẹ́ṣẹ̀. Mo wá ronú ohun tí mi ò rò rí, pé bóyá ọkùnrin yẹn náà ní nǹkan tó ń gbé kiri tí àwọn mẹ́rin tó gbé e ò mọ̀ pé àwọn tún gbé e pọ̀ mọ́ ọn. Bóyá òun nìkan nínú ilé yẹn ló mọ̀ pé ẹsẹ̀ kọ́ ló wúwo jù. Bíbélì ò sọ bẹ́ẹ̀ o, èmi ni mo sọ ọ́. Nígbà tí iná dé ìyàwó mi rí i pé omi ń dà lójú mi, ó rò pé ìbàdí ló ń dùn mí. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Igi, irọ́, ìyá tó kúnlẹ̀. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn pa Bíbélì dé.

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ohun tó tẹ̀lé e. Mo sọ fún Ọlọ́run, mo pè é ní orúkọ tó ń jẹ́, mi ò pè é ní àṣìṣe, mo pè é ní olè àti irọ́. Nǹkan kan kúrò láyà mi. Kì í ṣe ìmọ́lẹ̀, mi ò rí áńgẹ́lì, mo kàn sùn ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, oorun gidi, irú èyí tí mo sùn gbẹ̀yìn kí n tó gba owó onílé yẹn. Hesekáyà ọba, nígbà tí Ọlọ́run fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún ọjọ́ ayé ẹ̀, nínú orin tó kọ lẹ́yìn àìsàn yẹn, Aísáyà 38, ó dúpẹ́ pé ara òun yá, ṣùgbọ́n ó tún ní Ọlọ́run ti gbé gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ òun sí ẹ̀yìn Rẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn parí. Ẹ̀yìn Ọlọ́run, ta ló fẹ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò parí síbẹ̀, ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí àwọn tó ń fi ìdáríjì ṣe nǹkan yẹpẹrẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹlòmíì jẹ gbèsè káàkiri àdúgbò, á ní Ọlọ́run ti dárí ji òun, á rẹ́rìn-ín músẹ́ kọjá lójú ẹni tó jẹ lówó. Sákéù ò ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní ẹni tí òun bá rẹ́ jẹ òun á san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Jésù dẹ̀ ní tóo bá mú ẹ̀bùn dé ibi pẹpẹ tóo rántí pé arákùnrin rẹ ní ohun kan sí ọ, fi ẹ̀bùn sílẹ̀, kọ́kọ́ lọ. Lọ́jọ́ kẹta mo lọ bá ìyá yẹn nínú ọjà.

Ó ń wọn gààrí fún oníbàárà. Mo dúró títí oníbàárà lọ. Mi ò lè kúnlẹ̀, ìbàdí ò gbà, mo jókòó sórí àpótí níwájú ẹ̀, mo tẹrí ba, mo sọ ọ́. Kò wò mí. Ó ń fi ọwọ́ tẹ́ orí gààrí náà kó lè tẹ́jú, ó tẹ́ ẹ, ó tún un tẹ́. Ó wá ní, "Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Ọmọ mi sọ fún mi ní ọsibítù ní ọjọ́ kejì. Ó ní igi yẹn rọ̀ bí iṣu." Mo ní, Ìyá, ẹ dẹ̀ wá kúnlẹ̀ fún mi? Ó ní, "Kí ni kí n ṣe? Bàbá ẹ̀ ò sí, iṣẹ́ ni mo fẹ́ kó kọ́." Ó tún dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò lè gbàgbé, ó ní, "Mo ti fà ọ́ lé Ọlọ́run lọ́wọ́ nígbà yẹn. Lọ́dún tí mo gbọ́ pé o ṣubú, ẹ̀rù bà mí, mo lọ gbà ọ́ padà lọ́wọ́ Ẹ̀."

Olóòtú, ẹ̀yin tí ẹ bá gbọ́ Yorùbá ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí kí opó fa èèyàn lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ó ti gbà mí padà ní ọdún méjì kí n tó mọ̀ pé mo ní ẹjọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gba iwájú ilé yẹn kọjá. Mo lọ bá onílé náà, mo ní kí ó jẹ́ ká tú apá ibi tí mo fi àràbà ṣe kó tó wó, mo ń san owó yẹn díẹ̀díẹ̀, ó kù díẹ̀, inú ẹ̀ ò dùn sí mi títí di báyìí, ó lẹ́tọ̀ọ́. Òfin Mósè tiẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan nínú Diutarónómì 22, pé ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun kó mọ nǹkan yí òrùlé ẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà já láti ibẹ̀ kó má baà mú ẹ̀jẹ̀ wá sórí ilé ẹ̀. Ogún ọdún ni mo ti fi ń ṣe iṣẹ́ òrùlé kí n tó mọ̀ pé Bíbélì mọ iṣẹ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Ẹsẹ̀ mi ńkọ́? Ó ṣì kúrú. Mo ṣì ń gbàdúrà sí i o, mi ò ní tan yín. Sáàmù 103 ní Ọlọ́run dárí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ jì, ó tún ní ó wo gbogbo àrùn rẹ sàn, méjèèjì ni mo fẹ́, ẹ ṣáà wo èyí tó ṣáájú. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé mi ò nígbàgbọ́. Pọ́ọ̀lù bẹ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ẹ̀gún tó wà lára ẹ̀, èsì tó rí gbà ni pé oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ. Ó fi Tirófímù, ẹni tí wọ́n jọ ń rìnrìn àjò, sílẹ̀ ní Milétù nínú àìsàn. Inú máa ń run Tímótì, ohun tí Pọ́ọ̀lù sọ fún un ni pé kó máa mu wáìnì díẹ̀, kò ní kó wá sórí òkè.

Ní ìlú tèmi gan-an, ní Ìkàrẹ́, ni Mósè Orímọládé ti wá, Bàbá Àládùúrà, ẹni tí òun àti Abíọ́dún Akinṣọ̀wọ́n dá Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1925. Àwọn àgbà ìjọ náà fúnra wọn ló máa ń sọ ọ́ fún wa nígbà tí a wà lọ́mọdé pé arọ ni nígbà èwe ẹ̀, nígbà tó wá dìde rìn náà ó ń tiro ni, ó ń tiro títí tó fi kú lọ́dún 1933. Ọkùnrin tó ń gbàdúrà fún aláìsàn tí wọ́n ń dìde, ẹsẹ̀ tiẹ̀ ò dọ́gba. Ká ní òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó gba ọ̀pá mi yẹn wà láyé nígbà náà, á gba ti Bàbá Àládùúrà náà ju sẹ́yìn pẹpẹ. Ayọ̀ Babalọlá tó ń wa rólà tí wọ́n fi ń ṣe títì kí Ọlọ́run tó pè é lọ́dún 1928, nígbà ìsọjí Òkè-Ooye ní Iléṣà lọ́dún 1930, àwọn aláìsàn wọ́ lọ síbẹ̀ láti ibi gbogbo, ìwòsàn pọ̀, ṣùgbọ́n ohun kan náà tí gbogbo ìtàn yẹn sọ ni pé àwọn èèyàn ń kó oògùn àti oǹdè wọn jáde kí wọ́n lè dáná sun wọ́n, wọ́n ń jẹ́wọ́ ohun tí ẹnì kankan ò bi wọ́n. A ti mú omi ìyè, omi tí wọ́n gbàdúrà sí fún ìwòsàn, nínú ìtàn yẹn, a fi ìjẹ́wọ́ sílẹ̀ sẹ́yìn.

Ọkùnrin tó kọ̀wé nípa ìyàwó ẹ̀, mi ò mọ̀ ẹ́, mi ò mọ ìyàwó ẹ, mi ò dẹ̀ ní sọ fún ẹ pé ẹ̀ṣẹ̀ ló fà á, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ. Máa gbé e lọ ọsibítù, má dá a dúró. Máa gbàdúrà sí i. Tí wọ́n bá ní kó jù ọ̀pá nù níwájú èrò, gbé e padà sílé. Ṣùgbọ́n bí o bá ti ń gbé e lọ gbé e bọ̀ fún ara, bi í lọ́jọ́ kan, ní jẹ́jẹ́, nígbà tí ẹ bá ku ẹ̀yin méjì, pé ṣé nǹkan míì wà tó ń wúwo lọ́kàn ẹ̀. Bí kò bá sí, ó dáa. Jókòó tì í. Bí ó bá wà, tí ìyẹn bá kúrò, o máa mọ̀ lójú ẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó nà tàbí kó má nà, mo ti rí i lójú ara mi nínú díńgí.

Mo tiẹ̀ gba máìkì lọ́jọ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jẹ́rìí. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, mo fi orúkọ àwọn èèyàn pamọ́. Kò sẹ́ni tó lu ìlù. Akọ̀wé ìjọ kàn ní ẹ ṣeun, ẹlòmíì. Mo ti kọ̀wé fi ipò díákónì sílẹ̀ kí wọ́n tó ní kí n fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jáde, bàbá kan tó dàgbà jù mí lọ dúró dè mí níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, ó di apá mi mú, ó ní ṣé òun lè wá sí ilé mi ní alẹ́. Ohun tó bá wá, ti òun nìyẹn, mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Ọmọ iṣẹ́ mi yẹn ti ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ báyìí ní Ọ̀wọ̀, ó ti ṣe fríídọ́ọ̀mù tipẹ́, ó ní ọmọ méjì. Apá ẹ̀ ò nà tán, ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi òsì lu ìṣó. Lọ́dún tó kọjá òrùlé mi bẹ̀rẹ̀ sí í jò lókè yàrá, èmi ò lè gùn ún mọ́, mo pè é, ó wá ní ọjọ́ kejì. Kò gba owó lọ́wọ́ mi. Ó wo àwọn igi òkè náà pẹ̀lú ìka, ó ń kan wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ó wolẹ̀ wò mí, ó ní, "Ọ̀gá, apá ni gbogbo èyí ṣá?" Mo ní apá ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó gùn ún. Mo fi ọ̀pá mi ti ògiri, mo fi ọwọ́ méjèèjì di àkàbà mú fún un títí ó fi sọ̀ kalẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Kápẹ́ńtà kan láti Ìkàrẹ́-Àkókó